Sí Tájù, Nípa Ọkàn Rẹ àti Ìrìn Ẹsẹ̀

Jikpan, Minna.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Tájù ọmọ mi, Àyìndé,

Mo kí ọ o, mo kí Rísì, mo kí àwọn ọmọ. Ẹ kú oríire iṣẹ́ tuntun. Ìyá rẹ ti gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ náà títí ohùn rẹ̀ fi há. Ọmọ tí a bí sínú ilé òṣìṣẹ́ rélùwéè, yàrá méjì péré, tó wá di ọ̀gá ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ ní Kàdúná, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Mo ti kí ọ tán. Jẹ́ kí n wá sọ ohun tó mú mi jókòó ti bébà.

Rísì pè mí lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀. Má bínú sí i. Mo mọ̀ ọ́, wàá fẹ́ bínú sí i. Ó ní lẹ́yìn tí àyà gbé ọ dè ní oṣù tó kọjá, dókítà ní kí o máa wá sí ọsibítù lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ọjọ́ Àtàláátà àti Àlàmísì, fún ọ̀sẹ̀ méjìlá, kí wọ́n kọ́ ọ bí wàá ṣe máa rìn, bí wàá ṣe máa jẹun, àti bí wàá ṣe máa sinmi. Ó ní o lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, o sì ti sọ pé o ò lọ mọ́, nítorí lọ́la ni iṣẹ́ tuntun náà bẹ̀rẹ̀, o ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ọ̀gá tó wọ bàtà kánfáàsì, tó ń gbé apá sókè gbé e sílẹ̀ láàárín àwọn ìyá arúgbó.

Mi ò pè ọ́ lórí fóònù, nítorí bí mo bá pè, wàá ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ n pè yín padà," èmi á sì máa wo fóònù títí ilẹ̀ á fi ṣú. Lẹ́tà kì í já lẹ́nu ọ̀rọ̀. Sàlíù tó ń wa ọkọ̀ Kàdúná ni mo fi rán. Mo ti sọ fún un kó má sáré. Jókòó kà á tán, nítorí ohun kan wà nínú rẹ̀ tí èmi àti ìyá rẹ ti fi pamọ́ fún ọ láti bí ọdún mẹ́fà.

Èkíní: má pe ọkàn ní inú, má sì fi àìsàn pamọ́ fún ọ̀gá.

Nígbà tí mo ṣì wà ní ọ́fíìsì ẹrù ní ibùdókọ̀ rélùwéè, àyà mi ti ń há fún oṣù mélòó kan kí n tó ṣubú. Bí mo bá gun afárá tó kọjá lórí irin dé ìdajì, ó máa ń dà bí ẹni pé wọ́n fi okùn dì mí ní igbá-àyà. N ó dúró, n ó di irin afárá mú, n ó sì máa ṣe bí ẹni tó ń ka wágùnù ọkọ̀ ojú irin. Ọ̀gá mi rí mi níbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ó rò pé ìtara iṣẹ́ ni. Ó kù ọdún méjì kí n fẹ̀yìn tì, n kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé ó ti rẹ Rájí. Mo sọ fún ìyá rẹ pé jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ó ń se àgbo fún mi, èmi ń mu ún, mo sì ń fi sìgá lé e. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sìgá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo ṣubú lé àpò ẹ̀pà. Ọ̀gá tí mo ń sá fún gan-an ló dì mí mú ní abíyá, tó gbé mi wọ mọ́tò. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ́nà, inú ń bí i, omi sì wà lójú rẹ̀. Ó ní, "Rájí, bí àpò kan ṣoṣo bá jò, ìwọ lo máa ń kọ́kọ́ sọ fún mi. Àyà tìrẹ wá ń jò, o ò sọ!"

Nítorí náà, bí o bá dé ọ́fíìsì lọ́la, gbólóhùn kan péré ni kí o sọ fún ẹni tó gbà ọ́ síṣẹ́: "Ní Àtàláátà àti Àlàmísì, láti aago mẹ́rin ààbọ̀, mo máa ń wà ní ọsibítù." Má ṣàlàyé, má tọrọ àforíjì. Bí wọ́n bá fẹ́ bínú, kí wọ́n bínú sí ọ̀gá tó wà láàyè.

Èkejì: àwọn ìyá arúgbó tí o ń sá fún yẹn.

Ọsibítù tí mo lọ níbí náà ní irú ètò yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní ẹ̀rọ kankan. Gbọ̀ngàn kan ni, àga onígi mẹ́wàá, aago ara ògiri, àti Nọ́ọ̀sì Ládì. Ọmọ Gbágyì ni, kò ga, ó ń sọ Hausa, ó sì ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń fi hàn lọ. A ó dìde lórí àga, a ó jókòó, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. A ó gbé apá. A ó yí ọgbà ọsibítù ká. Yóò fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́ wa, yóò wo aago. Ó kọ́ wa pé ìrìn tó dára ni èyí tí ènìyàn lè máa sọ̀rọ̀ bó ti ń rìn ín, ṣùgbọ́n tí kò lè kọrin. Bí o bá lè kọrin, o ń fà sẹ́yìn. Bí o kò bá lè sọ̀rọ̀, o ti sáré jù, dín in kù. Bí àyà bá há, dúró, jókòó, sọ̀rọ̀ síta. Má ṣe bí ẹni tó ń ka wágùnù.

Ìyá kan wà láàárín wa tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ìyá Tíṣà là ń pè é. Ó fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ, àyà ti gbé òun náà dè rí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó kọjá lára mi lẹ́ẹ̀mejì nínú ọgbà yẹn. Nígbà tó kọjá ní ẹ̀ẹ̀kejì, ó bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Bàbá Rélùwéè, ọkọ̀ yín tún ti pẹ́ o!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Inú bí mi. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, èmi náà rẹ́rìn-ín. N kò rẹ́rìn-ín rí láti ìgbà tí mo ti ṣubú títí di ọjọ́ yẹn. Ẹ̀rù ni mo ń bá gbé. Ẹ̀rù ń bà mí láti fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn, ẹ̀rù ń bà mí láti gbé kẹ́tùrù omi gbígbóná. Òru ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ sùn dáadáa. Àwọn tó wà nínú irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀ nìkan ni kò ní máa fi ojú òkú wò ọ́. Má fi wọ́n sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ìrìn ilé. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe tí mo fi ń kọ̀wé yìí.

Ládì ní kí n máa rìn ní àwọn ọjọ́ tí n kì í bá wá sí ọsibítù, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ní ìrọ̀lẹ́. Mo wọ bàtà, mo jáde. Ìwọ náà dàgbà sí Minna, o mọ àwọn ará ibí. N kò tíì dé ìkóríta tí Álhájì Gàrúbà aládùúgbò wa fi dá mọ́tò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Baba Raji! Ina za ka haka?" Ó ń bi mí ibi tí mò ń lọ. Mo ní mo kàn ń nasẹ̀ ni. Ó ní, "A'a, da ƙafa? Shiga mana!" Pé kí ni mo ń fẹsẹ̀ rìn ṣe, kí n wọlé. Ó ti ṣílẹ̀kùn. Ó fi ọ̀wọ̀ pè mí, àwọn ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́yìn, wọ́n ń kí mi. Ṣé kí n sọ pé n kò wọ̀? Mo wọ̀. Ó gbé mi yí ìlú ká, ó sì gbé mi padà délé. Ní ọjọ́ kejì, ọmọ alájọgbélé wa tó ń gun ọ̀kadà ni. Ní ọjọ́ kẹta, ìmáàmù ni. Ta ló ń sọ fún ìmáàmù pé rárá? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, n kò rìn kọjá ìkóríta yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí mo bá dé ọsibítù, n ó sọ fún Ládì pé mo ń rìn.

Lọ́jọ́ kan, Ládì mú mi jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní kí n máa dárúkọ àwọn ibùdókọ̀ rélùwéè fún òun láti Minna títí dé Ọ̀fà. Ibùdókọ̀ kẹrin ni mi ò ti lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ó dúró, ó wò mí. "Baba, faɗi gaskiya." Kí n sọ òótọ́. Mo sọ fún un. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti ògiri. Lẹ́yìn náà ló sọ pé ọ̀wọ̀ tí wọ́n ń bù fún mi yìí yóò pa mí.

Tájù, ìgbà yẹn lo dé fún Iléyá.

O rántí. Ẹnìkan sọ fún ọ ní mọ́ṣáláṣí pé, "A ń rí bàbá yín lẹ́sẹ̀ lójú títì, ṣé kò sí o?" O wálé, o ò bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò tíì pé oṣù méjì tí o fi gbé mọ́tò aláwọ̀ ewé náà dé. Ìyá rẹ jó. Àwọn aládùúgbò kún ọgbà, wọ́n ní ọmọ lérè. Èmi náà súre fún ọ látinú wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí o fún mi ní kọ́kọ́rọ́, o ní, "Bàbá, mi ò fẹ́ gbọ́ mọ́ pé ẹ ń fi ẹsẹ̀ rìn." Ó yẹ kí n sọ fún ọ níbẹ̀ pé oògùn ni ìrìn náà. N kò sọ. Ojú tì mí láti sọ níwájú àwọn ènìyàn pé mo ń ṣàìsàn. Mo gba kọ́kọ́rọ́.

Mo wa mọ́tò náà fún oṣù mẹ́jọ. Mo ń wà á lọ sí mọ́ṣáláṣí tí mo lè rí láti ojú fèrèsé wa. Mo ń wà á lọ ra búrẹ́dì. Mo fi ọsibítù sílẹ̀, nítorí ẹni tó ní mọ́tò, kí ló ń fi bàtà kánfáàsì ṣe? Sìgá tí mo ti fi sílẹ̀, mo tún mu ún lẹ́ẹ̀mélòó kan. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀ kan, mo jókòó sínú mọ́tò, mo yí kọ́kọ́rọ́, okùn ọjọ́sí sì tún dì mí ní àyà. Orí mi bọ́ sórí fèrè mọ́tò, fèrè ń ké, n kò lè gbé orí kúrò. Álhájì Gàrúbà ló fọ́ gíláàsì.

A sọ fún ọ pé ibà ni. Ibà kọ́, Àyìndé. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni mo lò ní ọsibítù. Nígbà tí o pè sí ilé Álhájì, ìyá rẹ ní mo ti ń jẹun. N kò tíì lè gbé ṣíbí nígbà náà. Èmi ló ní kí ó má sọ, kí ìwọ má bàa rò pé mọ́tò rẹ ló fẹ́ pa mí. Mọ́tò kò jẹ̀bi, ìwọ náà kò jẹ̀bi. Ìtìjú mi ni. Mo wá rí i báyìí pé ìtìjú kan náà ni mo fi ṣe ogún fún ọ. Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Mo ti wo ẹ̀yìn fún ọ.

Nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ Ládì, n kò lè wo ojú rẹ̀. Kò bá mi wí. Ó ní, "Baba, wá ọ̀nà tí mọ́tò kò lè gbà." Mo rò ó títí. Ibo ni mọ́tò kò lè dé ní Minna yìí? Mo fi ọgbọ̀n ọdún ó lé mẹ́ta ṣiṣẹ́ lẹ́bàá rẹ̀, n kò rántí rẹ̀! Ẹ̀gbẹ́ irin rélùwéè. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ wà níbẹ̀, ó tẹ́jú, kò sí ẹni tó lè sọ pé "shiga mana". Ọkọ̀ ojú irin kì í sì í kọjá bíi tàtijọ́, bó bá sì ń bọ̀, etí mi mọ̀ ọ́n láti òkèèrè. Mo ń ka àwọn igi tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ irin bí mo ti ń lọ. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọgọ́rùn-ún péré ni mo lè kà kí n tó sinmi. Nísinsìnyí n kì í sinmi kí n tó dé ibi òpó àmì, mo sì ń bọ̀. Ìyá Tíṣà náà ń wá. Ó ṣì ń ṣáájú mi.

Mo ti gbàgbé iye ìmọ̀ràn tí mo kà dé. Oúnjẹ ló kàn.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé láti ọsibítù, ìyá rẹ ra ìkòkò kékeré kan, ó ń fi se ọbẹ̀ aláìníyọ̀ fún èmi nìkan. Mo ń pè é ní ìkòkò aláìsàn. Bí mo bá ti rí i lórí iná, ọkàn mi á rẹ̀wẹ̀sì. N ó jẹ òkèlè mẹ́ta, n ó ní mo yó, n ó sì gba ẹ̀yìn lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta túwó, níbi tí Maggi pọ̀ ju omi lọ nínú ọbẹ̀ ewé oṣè tí wọ́n ń pè ní kúkà. Ìyá rẹ rí kúkà lára àpò ẹ̀wù mi. Ó ní, "Bàbá Tájù, ta lò ń tàn?" Kò bá mi jà. Nígbà tí Ládì pe àwọn ìyàwó wá sí ọsibítù, ó lọ, ó kọ́ bí a ṣe ń fi ata, àlùbọ́sà, efinrin àti irú aláìníyọ̀ ṣe ohun tí iyọ̀ ń ṣe. Nígbà tó dé, ó fọ́ ìkòkò kékeré náà. Láti ọjọ́ yẹn, ìkòkò kan ni gbogbo ilé ń jẹ. Àwọn àbúrò rẹ kùn fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà ó mọ́ wọn lára. Má jẹ́ kí Rísì se tìrẹ lọ́tọ̀. Ẹni tí a bá yà sọ́tọ̀ níbi oúnjẹ á jí oúnjẹ jẹ. Mú un lọ sí ọsibítù náà lọ́jọ́ tí wọ́n bá pe àwọn ìyàwó.

N kò bi ọ́ bóyá o ṣì ń mu sìgá. Má dáhùn. Ṣùgbọ́n ní Iléyá tó kọjá, o lọ sí ẹ̀yìnkùlé lẹ́ẹ̀mẹ́rin, o sì ń jẹ súìtì míńtì bọ̀ ní gbogbo ìgbà. Èmi náà ti jẹ míńtì rí, ọmọ mi. Sọ fún nọ́ọ̀sì yín, wọ́n ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń ran ènìyàn lọ́wọ́.

Máa lo oògùn rẹ bí ara bá tilẹ̀ yá. Ìgbà tí ara bá yá ni a máa ń gbàgbé. Má gbé iṣẹ́ wálé. Má gbé gárawa omi gun àtẹ̀gùn, sọ fún àwọn ọmọ. Nípa ọ̀rọ̀ tọkọtaya, bi dókítà, má tijú, èmi náà bi í. Máa sinmi lọ́sàn-án Àìkú. Ṣé ẹ̀ ń pa gáàsì dáadáa kí ẹ tó sùn? Ìyẹn kọ́ ni ọ̀rọ̀ ọkàn, ṣùgbọ́n mo ń rò ó.

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ tuntun dùn. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ọmọ ọdún méjìdínlógójì ni ọ́. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni mí nígbà tí tèmi kọ́kọ́ dé, mo sì ní àǹfààní ẹ̀ẹ̀kejì tí ọ̀pọ̀ kò rí. N kò fẹ́ kí o dúró de ẹ̀ẹ̀kejì.

Nítorí náà, ohun tí a ó ṣe nìyí. Ní ọ̀túnla, ọjọ́ Àtàláátà, lẹ́yìn ìrun Àláásárì, èmi yóò lọ sí ẹ̀gbẹ́ irin. Bí o bá dé ẹnu géètì ọsibítù yín, fláàṣì mi. N kò ní gbé e, má ná owó. Bó bá ti dún lẹ́ẹ̀kan tó dákẹ́, n ó mọ̀ pé o ti wọlé, èmi náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Àwa méjèèjì á jọ rìn, ìwọ ní Kàdúná, èmi ní Minna. Ṣùgbọ́n bí kò bá dún, n kò ní gbé ẹsẹ̀. N ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ irin títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, n ó sì padà sílé láìrìn. Ládì ti sọ fún mi pé n kò gbọ́dọ̀ pa ọjọ́ kan jẹ. Ọwọ́ rẹ ni mo fi í sí.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a jọ pẹ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Rájí.

Iná kò sí ládùúgbò wa láti ìjẹta. Mo ti gbé fóònù náà lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ tó ní jẹnẹrétọ̀, kí ó lè gba iná kún. Kò ní kú lọ́jọ́ Àtàláátà.